Ẹ Dán Mẹ́mọ́rì Wò Mọ́jú Kí Ẹ Tó Ta Láptọ́ọ̀pù Fún Wa

Sí Olóòtú,

Mo kí yín láti Kábà, mo sì kí gbogbo ará ilé iṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Lọ́kọ́ja, Ìlọrin àti Àkúrẹ́ yóò ti rí i, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni àwa ará ilẹ̀ Òkun, àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, ti ń rajà. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá ti tú ìdí láptọ́ọ̀pù tuntun láti fi mẹ́mọ́rì (RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) kún èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ẹ dán mẹ́mọ́rì náà wò mọ́jú kí ẹ tó gbé e fún oníbàárà, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ẹ tú u, pé ẹ fi nǹkan kún un. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jìyà nítorí pé ẹnì kan kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọdún 32 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bùnú àti ní Ìjùmú, kí n tó parí iṣẹ́ sí Kábà níbí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni àwọn obìnrin àdúgbò wa ti fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. A pé 63. Àwọn kan ń yan gàrí, àwọn kan ń ta aṣọ, àwọn kan ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ bí àkókò rẹ̀ bá dé. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbówó wá. Ẹlòmíì mú ₦500 wá, ẹlòmíì mú ₦20,000, èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, àfi ìgbà tí òrùlé jò lóru ọjọ́ kan tí omi wọ ojú ìwé bí ogún. Yíǹkì bíró tí mo fi kọ ọ́ ṣàn wọnú ara wọn, ó dà bí omi aró. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni gbogbo wa fẹnu kò pé kí a ra kọ̀ǹpútà.

Èmi àti akápò wa la jọ lọ sí Lọ́kọ́ja ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. ₦465,000 la san, owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe tèmi. Páálí rẹ̀ wà níbẹ̀, láílọ́ọ̀nù rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé téèpù tí wọ́n fi lẹ ẹnu páálí náà. Akápò wa béèrè. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù dáhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, àwa la ṣí i. A bá yín fi RAM kún un ni, kó lè yára." A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ gbàdúrà fún un. Ó kọ "16GB RAM" sórí rìsíìtì, ìyẹn bí mẹ́mọ́rì rẹ̀ ṣe tóbi tó, ó fún wa ní wáráńtì oṣù mẹ́fà, a gbé ẹrù wa sẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò, ó di Kábà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó tì í, mò ń tẹ orúkọ, ohun gbogbo sì dúró gbagidi. Ọfà tí a fi ń tọ́ka lójú rẹ̀ kò rìn mọ́. Aago tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún dúró sí 8:17, èyí tó wà lára ògiri mi ti di 8:20. Mo tẹ Caps Lock, iná rẹ̀ tín-ín-tín kò tàn. Bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ fáànù inú rẹ̀ tó ń fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ ṣú, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é yọ, ó sì ń tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàn láàárọ̀. Háńgì ni àwọn ọmọ ìwòyí ń pè é. Orúkọ 41 ni mo ti tẹ̀ láì tíì séèfù. Gbogbo rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ láti máa séèfù lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò dá a dúró. Ó lè háńgì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó sì tún lo ọjọ́ mẹ́rin láìṣe nǹkan kan, tí ọkàn mi yóò ti balẹ̀ pé ó ti tán, bí ibà tó ń dá ni wò. Nígbà tó wá di Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kejì, fáìlì owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kọ̀, kò ṣí mọ́. Kọ̀ǹpútà ní ó ti bàjẹ́. Èyí tí mo fi pamọ́ sórí fíláàṣì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà owó ọ̀sẹ̀ méjì kò sí nínú àkọsílẹ̀.

Màmá àgbà kan wà nínú wa tó ń ta ẹ̀kọ, etí ìró ló máa ń di owó rẹ̀ mọ́. Ó dìde láàárín ìpàdé. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Akọ̀wé, ₦15,000 mi dà?"

Mo mọ̀ pé ó mú un wá. Mo rántí kókó etí ìró náà, mo rántí bó ṣe fi eyín tú u níwájú mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí kì í ṣe àkọsílẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé owó rí yóò mọ bí ara ṣe ń rí ní irú àkókò yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ akápò wa tó ní ìwé pélébé kan tó ń kọ owó tó bá gbà sí kó tó kó o lọ sí báńkì, òun la fi tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ìpàdé méjì gbáko ló gbà wá. Mo sọ èyí kí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ lè mọ̀ pé nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá ń háńgì ní Kábà, ó lè jẹ́ orúkọ rere ẹnì kan ló ń bá a lọ.

Kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀ ni mo ti pe ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi ní, "Màmá, iná yín ni. Iná Kábà kò dáa, òun ló ń dà á láàmú." Mo gbà á gbọ́, nítorí òótọ́ ni pé iná ọba wa kò dáa. Lálẹ́, abẹ́rẹ́ sítébíláísà ilé wa kì í kọjá fóltì 160. Mo lọ ra sítébíláísà kékeré kan fún kọ̀ǹpútà nìkan, ₦18,000. Ó tún háńgì. Ìgbà náà ni mo fi awò sójú, tí mo gbé cháájà rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, tí mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára ní lẹ́tà wínníwínní: INPUT 100-240V. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí iná bá ti wà láàárín 100 sí 240, cháájà náà yóò gbà á, yóò sì sọ ọ́ di 19V tí kọ̀ǹpútà fẹ́. 160 tiwa kò tó ohun tó ń dà á láàmú. Bátìrì sì tún wà níkùn láptọ́ọ̀pù. Bí wọ́n bá mú iná lọ pátápátá, bátìrì ló yẹ kó gbé e dúró, kò yẹ kó kú rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú tí iná kì í dúró bíi tiwa, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó bá ní "iná yín ni" fún yín, ẹ yọ cháájà, ẹ lò ó lórí bátìrì fún ọjọ́ díẹ̀. Bó bá tún háńgì, ẹ ní kó wá ṣàlàyé ibi tí iná gbà wọlé.

Lẹ́yìn iná, wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹńjiníà kan níbí fọ́máàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ó pa ohun gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, ó sì tún Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, gbé sí i, ₦7,000 ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì padà sídìí ìwà rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. N kò bá ọmọ náà jà, ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìdí ìkòkò rẹ̀ ń jò, tó ń da omi inú rẹ̀ nù, tó ń pọn òmíràn sí i, ìgbà wo ni yóò ṣíwọ́ omi pípọn? Wọ́n tún ní ooru ni. Mo gbé e sórí pákó kéékèèké méjì kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀, mo kọ fáànù sí i. Àna mi kan ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Mo gbàdúrà, n kò sì kábàámọ̀ àdúrà náà, síbẹ̀ mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí.

Mo sì gbé e padà lọ sí Lọ́kọ́ja ní òpin oṣù Kejì. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lé itan ní gbogbo ọ̀nà, pẹ̀lú àwọn tírélà sìmẹ́ńtì tó ń tò lọ tó ń tò bọ̀ ní Obajana. Ọ̀gá náà tàn án, ó ṣí fídíò kan, ó wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò háńgì. Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ nísinsin yìí, Màmá. Ẹ máa lò ó lọ." Mo gbé e, mo ń lọ sílé. Bí àìsàn bá jẹ́ èyí tó ń wá tó ń lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè rí i.

Ohun tó gbà mí ni rẹ́jísítà. Ọdún 32 ni mo fi máa ń la ojú ìwé láàárọ̀ láti kọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá sílé ìwé. Ní oṣù Kìíní, mo la ìwé kan báyìí fún kọ̀ǹpútà náà, mo fi ọ̀wọ́ kan sí ọjọ́ àti wákàtí, òmíràn sí cháájà tàbí bátìrì, òmíràn sí ohun tí mò ń ṣe nígbà tó háńgì. Ẹ wo díẹ̀ nínú rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́:

"14 oṣù Kìíní, 5:50 àárọ̀. Ọyẹ́ mú. Bátìrì nìkan, 81%. Excel nìkan ni mo ṣí. Ó dúró, ó tún ara rẹ̀ tàn."

"19 oṣù Kìíní, 3:15 ọ̀sán. Cháájà, iná ọba. Mò ń tẹ orúkọ. Ó dúró. Kò tún tan, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ pa."

"27 oṣù Kìíní, 9:05 alẹ́. Bátìrì. Mo ṣí Excel, Word àti fídíò ọmọ-ọmọ mi pọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ní ìdajì oṣù Kẹta, ó ti pé ìgbà 23 nínú ìwé náà. Kọ́pà kan ń gbé ní yàrá tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló kà ní yunifásítì. Ó wá gba omi lọ́wọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ìwé náà lórí tábìlì, ó mú un, ó jókòó. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló kọ́ yín ní èyí?" Mo ní iṣẹ́ tíṣà ni. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì rẹ̀ mọ́. Ó ń kú lórí bátìrì, a jẹ́ pé kì í ṣe iná. Ó ń kú láàárọ̀ ọyẹ́ kùtùkùtù, ooru kọ́ nìyẹn. Wọ́n fọ́máàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń kú, kì í ṣe Windows. Ara ẹ̀rọ ni ká wò." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù mẹ́ta tí ẹnì kan fi gba ohun tí mo sọ gbọ́.

Ó kọ́kọ́ ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ti ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. "Kernel-Power 41" ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Nítorí pé Power wà nínú orúkọ náà, mo ní àbí iná náà ni lóòótọ́? Ó ní rárá. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà tún tàn láìjẹ́ pé a pa á bó ṣe yẹ lọ, kò sọ ohun tó pa á. Ó wá lọ sí View advanced system settings, ó tẹ Settings tó wà lábẹ́ Startup and Recovery, ó yọ àmì tó wà níwájú Automatically restart. Ó ní títún tàn tó máa ń tún tàn kíákíá yẹn ni kì í jẹ́ kí á ka ohun tó fẹ́ sọ. Bí ojú rẹ̀ bá di búlúù, kí n má fọwọ́ kàn án, kí n ya fọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ojú búlúù náà yọ, ó dúró. MEMORY_MANAGEMENT ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó mú òmíràn wá, PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA. Lẹ́ẹ̀kẹta, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ́jísítà. Kọ́pà náà ní bí orúkọ tó ń sọ bá ń yí padà báyìí láti ọjọ́ dé ọjọ́, mẹ́mọ́rì ni ká kọ́kọ́ fura sí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́ ń gbà kọjá, ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ ibi tó bàjẹ́ níbẹ̀ ló máa ṣubú. Ó yẹ dísíìkì, ibi tí fáìlì ń wà, wò lẹ́sẹ̀ kan náà, dísíìkì dára.

Windows ní ìdánwò mẹ́mọ́rì tirẹ̀. A tẹ mdsched, ó tún tan, ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó ní òun kò rí àbùkù kankan. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Kọ́pà náà ní ìdánwò yẹn kò jinlẹ̀ tó. Ó gbé MemTest86 sórí fíláàṣì kan, ètò ìdánwò mìíràn tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé Windows tàn rárá. Yóò kọ nǹkan sí gbogbo igun mẹ́mọ́rì, yóò padà lọ kà á, bóyá ohun tó kọ náà ló bá. Ó máa ń ṣe é yípo lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì lè gba gbogbo òru. Mo ra epo lítà mẹ́rin sínú jẹnẹrétọ̀ nítorí iná ọba.

A bẹ̀rẹ̀ ní 9:10 alẹ́. Mo fi àga tì í, mo ń ka Bíbélì mi, mò ń gbójú sókè wò ó. Títí di 11:00, òdo ni iye àṣìṣe. Ní 11:20, ìlà pupa kan yọ. Ẹyọ kan. Mo pe kọ́pà náà lójú fèrèsé. Kó tó wọ bàtà dé, ó ti di méje. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo jókòó síwájú ìlà pupa wọ̀nyẹn, mo sunkún díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé iná mi ni, pé àìmọ̀-ọ́n-lò mi ni.

Kọ́pà náà kọ́kọ́ béèrè ìwé wáráńtì lọ́wọ́ mi. Ó ní bí ẹ̀rọ bá wà nínú wáráńtì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì tú u, kí èèyàn má tú u nílé, kó gbé e padà fún wọn. Tèmi, ẹni tó tà á ti tú u kí n tó rà á. Ó pa á, ó yọ cháájà, ó tú ìdè ìdí rẹ̀. Ìdè mẹ́wàá ni, kò sì gùn bákan náà, nítorí náà mo gbé páálí ẹyin kan wá, a ń fi ìdè kọ̀ọ̀kan sójú ihò tirẹ̀ bó ṣe tò lára ẹ̀rọ. Ó yọ ẹnu bátìrì, ó fọwọ́ kan irin fèrèsé kí iná ara rẹ̀ má bàa ba nǹkan jẹ́. Mẹ́mọ́rì méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ bíi bísíkíìtì pẹlẹbẹ, irin tín-ín-rín méjì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú lápá ọ̀tún àti òsì. Bó ṣe ṣí irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́mọ́rì ta sókè fúnra rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ní lébẹ́ẹ̀lì tó mọ́ lára. Ti ìkejì, lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti bó dé ìdajì, ẹnì kan sì fi máàkà kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

A dá ti àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, a tún fi MemTest86 sí i mọ́jú. Yípo mẹ́rin, òdo. A yọ ọ́, a fi ìkejì sí ojú ihò kan náà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí pupa fi dé. A tún gbé ìkejì yìí lọ sí ojú ihò kejì, kó má bàa jẹ́ pé ihò ló bàjẹ́. Pupa náà ni. Ó wá dá wa lójú pé mẹ́mọ́rì ni, kì í ṣe ibi tí a fi í sí.

Ọjọ́ náà ni mo gbé páálí láptọ́ọ̀pù sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Láti oṣù Kọkànlá ló ti wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Lébẹ́ẹ̀lì ilé iṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 8GB ló kọ. Rìsíìtì ní 16GB. Ìdajì kejì yẹn ni ṣọ́ọ̀bù fi kún un, òun náà sì ni pupa. Ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yìí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tí wọ́n gbé jáde dára. Ẹ bá mi sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà pé kí wọ́n ka ara páálí pọ̀ mọ́ rìsíìtì níwájú ẹni tó ń tà á. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n fi kún un, ibi tó ti wá, àti ẹni tó dán an wò.

Mo fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù lórí WhatsApp. Ó kà á, kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú un wá. Ó fi mẹ́mọ́rì mìíràn sí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní kó dán an wò mọ́jú, ó ní òun kò ráyè. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Lọ́kọ́ja, mo sun ibẹ̀, mo fi fíláàṣì kọ́pà sí i, mo tẹ ohun tó kọ́ mi. Ní àárọ̀, yípo mẹ́rin, òdo. Ìgbà náà ni mo tó wọ mọ́tò Kábà.

Ẹ̀yin olùtajà, ẹ wo ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún bóyá ó pọ̀ jù. MemTest86 kò náni ní kọ́bọ̀. Fíláàṣì díẹ̀ tó. Bí ẹ bá fi mẹ́mọ́rì kún ẹ̀rọ márùn-ún lónìí, ẹ tò wọ́n sórí tábìlì kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ bá èsì wọn láàárọ̀. Ẹ kò ní jókòó tì wọ́n. Bí ẹyọ àṣìṣe kan bá yọ, ẹ má ní ẹyọ kan kò ṣe nǹkan, nítorí mẹ́mọ́rì tó dára kì í ní ẹyọ kan. Ẹ yọ ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ńlá lẹ sún mọ́ ọn. Bí àbùkù náà bá dé ọwọ́ wa tán, ó di mọ́tò láti Kábà, láti Ìsánlú, láti Mọ̀pà, láti Ègbẹ̀, àti oníbàárà tó ń ṣiyè méjì nípa ara rẹ̀. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí kò lábùkù. Àjọ FCCPC tó wà ní Àbújá ló ń bójú tó o. N kò tíì kọ̀wé sí wọn, torí kí ọ̀rọ̀ tán láàárín wa ló wù mí.

Ẹ̀yin ẹńjiníà wa náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́kọ́ fọ́máàtì. Ẹ béèrè bóyá ó ń ṣe é lórí bátìrì. Ẹ yọ àmì Automatically restart yẹn, kí ẹ ka ohun tó bá sọ. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n ti jó mẹ́mọ́rì rẹ̀ mọ́ pátákó inú, tí kò ṣe é yọ, mo gbọ́ ìyẹn lẹ́nu kọ́pà náà, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ṣe é dán wò kí ẹ tó gba ₦7,000 lọ́wọ́ arúgbó.

Láti ìparí oṣù Kẹta tí mo ti gbé e dé, n kò tún ní ohun tí mo kọ sínú rẹ́jísítà náà. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ jáde sórí bébà, mo sì mú ojú ewé tirẹ̀ fún màmá ẹlẹ́kọ. Kò mọ̀wé. Ó ní kí ọmọ-ọmọ òun wá ka ₦15,000 náà síta fún òun, ó gbọ́ ọ, ó ká bébà náà, ó dì í mọ́ etí ìró.

Ó ku ọ̀rọ̀ èmi àti ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Sítébíláísà ₦18,000, n kò kà á mọ́ ọn, mò ń lò ó fún fíríìjì. Fọ́máàtì ẹ̀ẹ̀mejì jẹ́ ₦14,000, owó mọ́tò ìrìn méjì sí Lọ́kọ́ja jẹ́ ₦24,000. ₦38,000 nìyẹn, owó àwọn obìnrin 63 ni, ọ̀gá náà sì ní nọ́ńbà fóònù mi lọ́wọ́.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan,
Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí.